Ṣé fọ́nrán ọpọlọ tó ti kú tún máa ń hù? Ọ̀rọ̀ lórí ìgò ₦45,000 àti ẹsẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé, ní Tákìé. Màmá mi pé ọdún 66 lọ́dún yìí, kaṣú ni wọ́n ń yan tà. Ó ti tó ọdún méjì tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ náà dara pọ̀: bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó tẹ àtè. Dókítà ní Parkinson ni, ó kọ oògùn, ó sì ní ká máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ fisiò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá gbé ìgò kan wá, ₦45,000, ó ní ó ń mú iṣan tó ti kú hù padà láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká rà á, ká sì dá owó fisiò dúró, torí pé ohun tó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́, kí la wá ń na ẹsẹ̀ ìyá àgbà sí? Ọ̀rọ̀ náà ò bára mu létí mi. Bí òkú ò bá jí, kí ni ìgò fẹ́ mú hù? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe?

* * *

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ya fúnra yín. Ẹ̀gbọ́n yín gbà pé òkú kì í jí, wọ́n sì tún fẹ́ sanwó àjíǹde. N ò bú wọn. Iṣẹ́ fisiò ni mò ń ṣe nílùú Ọ̀yọ́ láti ọdún 19 sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìdílé tí mo ń bá pàdé ló ń gbé èrò méjèèjì sínú àpò kan náà.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí ká tó máa jà á: ẹ má ra ìgò náà, ẹ má dá fisiò dúró, ẹ má sì dín oògùn dókítà kù láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" wà lára ohun tó ń dà wá láàmú. Iṣan ni à ń pe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan ni èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni èyí tó ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́. Bí oníṣòwò bá ní "ó ń tọ́jú iṣan", ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú á rà á, ẹni tí ọrùn rẹ̀ gan á rà á, ẹni tó ní Parkinson náà á rà á. Fọ́nrán ni màá máa pe èyí tó ń gbé ìròyìn, kó má baà dàrú mọ́ wa lójú.

* * *

Fọ́nrán máa ń hù. Ẹni tó bá ní kì í hù rárá kò sọ òótọ́, ẹni tó bá sì ní ibi gbogbo ló ti ń hù, owó yín ló ń wá. Ibi tó wà ló ń pinnu.

Ẹ jẹ́ ká mú ti apá. Ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ayùn gé e lókè ìgúnpá díẹ̀, dókítà sì rán fọ́nrán rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wá bá mi, ọmọńdinrín rẹ̀ kò mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Lóṣooṣù ni mo máa ń fi orí ìka kan apá rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó bá ti ta á bí ìgbà tí eèrà bá géni jẹ, ibẹ̀ ni orí fọ́nrán tó ń hù dé. Màá fi báírò fa ìlà síbẹ̀. Ìlà yẹn ń sún tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lóṣù, nítorí pé nǹkan bíi mìlímítà 1 ni fọ́nrán ń hù lójúmọ́. Ẹ wo rúlà ọmọ ilé-ìwé: àlàfo tó kéré jù lórí rẹ̀, ọjọ́ kan gbáko nìyẹn. Oṣù kẹtàlá ni ọmọ náà pariwo nílé ìwẹ̀ pé omi yìí mà gbóná o.

Láti 1850 ni Augustus Waller ti fi fọ́nrán ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́ hàn pé bí wọ́n bá gé fọ́nrán, apá tí wọ́n gé kúrò lára orísun rẹ̀ ló ń jẹrà. Ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ fọ́nrán máa ń bá wọn kó ìdọ̀tí yẹn kúrò, wọ́n á wá tò bíi páìpù kí fọ́nrán tuntun lè rí ọ̀nà gbà. Nínú ọpọlọ àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ìdọ̀tí yẹn ń pẹ́ nílẹ̀, àpá á sì le síbẹ̀ bí ògiri.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ ní babańlá. Santiago Ramón y Cajal, ará Sípéènì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, ló kọ ọ́ ní 1928 pé nínú ọpọlọ àgbàlagbà, ọ̀nà fọ́nrán ti dì pa: ohun gbogbo ibẹ̀ lè kú, kò sí èyí tó lè hù. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí wọ́n fi di ìyẹn mú. Ní 1981, Samuel David àti Albert Aguayo ní ìlú Montreal mú fọ́nrán ẹsẹ̀ eku, wọ́n fi ṣe afárá láti ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ dé okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Fọ́nrán tí wọ́n ní kì í hù wọnú afárá, ó rìn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Nígbà tó jáde lódìkejì tó tún padà kan ilẹ̀ ọpọlọ, kò lè rìn jìnnà mọ́. Àgbẹ̀ á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: irúgbìn ò kú, ilẹ̀ ni ò gbà á. Ní 1988 Martin Schwab àti Pico Caroni ní Zurich fi hàn pé àwọn èròjà kan wà nínú ọ̀rá tó bo fọ́nrán ọpọlọ tó ń dá fọ́nrán tuntun dúró. Ní 2000 ni wọ́n sọ ọ̀kan lára wọn lórúkọ, Nogo.

Torí náà n kì í sọ fún ìdílé kankan pé kò lè ṣeé ṣe láéláé. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí nínú ìgò.

* * *

Ẹnì kan láti Ìṣẹ́yìn dá mi lóhùn pé bàbá òun ní àrùn rọpárọsẹ̀, ó dùbúlẹ̀ oṣù méjì, lónìí ó ń gun ọ̀kadà. Ó ní kí n yéé kó àyà ìyá oníkaṣú já.

Mo bá a yọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára. Ní 2006 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ènìyàn 222 tí rọpárọsẹ̀ mú: wọ́n fi ìbọ̀wọ́ di ọwọ́ tó dá ṣáṣá pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọwọ́ aláìlera lè ṣiṣẹ́ tipátipá. Ọwọ́ náà yá sí i ju ti àwọn tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ, ó sì ṣì yá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Edward Taub ló ti inú iṣẹ́ tó ṣe lára ọ̀bọ hú ọgbọ́n yìí jáde. Fọ́nrán tó kú ò padà wá. Ibi tó kù nínú ọpọlọ ló kọ́ iṣẹ́ èyí tó lọ.

Àmọ́ rọpárọsẹ̀ dà bí ilé tó jó lóru kan, tí iná sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. A lè kó eérú, ká máa tún ilé kọ́. Parkinson kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ṣì ń jó lábẹ́lẹ̀ bí a ti ń mọ bíríkì. Kí ọwọ́ màmá tó gbọ̀n rárá, ọ̀pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dópámíìnì, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ti lọ láti ọdún mélòó kan, ọpọlọ ló ń bò ó mọ́lẹ̀, tó ń fi èyí tó kù ṣe iṣẹ́ gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọpọlọ ìyá yín ti ń tún ara rẹ̀ tò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn wà.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ mọ bóyá gbígbin sẹ́ẹ̀lì tuntun kò ní borí iná náà: wọ́n ti ń gbìn ín láti àwọn ọdún 1980. Ní 2008, wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn mélòó kan wò tí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì sí, tí wọ́n sì kú lẹ́yìn ọdún 11 sí 16. Àwọn kókó àìsàn Parkinson ti wà nínú díẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tuntun náà. Ní 2025 wọ́n tún tẹ ìròyìn méjì jáde, ènìyàn 7 ní Kyoto, ènìyàn 12 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò níbẹ̀ ni bóyá kò léwu, ó sì jọ pé kò léwu. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ènìyàn 19 nìyẹn, inú ilé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ṣe é, lábẹ́ ojú ọ̀pọ̀ dókítà. Ẹni tó bá sọ pé ìgò ₦45,000 lè ṣe ohun kan náà fún yín nílé, ẹ bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ.

* * *

Kí n sọ ti ilé wa, torí pé àwọn kan ti ní ẹnu dókítà ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

Afíngbá ni bàbá mi, ní Ọ̀yọ́ níbí. Ọwọ́ wọn kọ́ ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Igbá ló sọ. Àwọn ọnà tí wọ́n ń fín bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ìlà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ létí igbá á fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ṣe ń yí lọ, ìlà á máa súnkì. Alángbá tó wà ní ìparí á dà bí ọmọ alángbá tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan dá igbá mẹ́fà padà. A rò pé ojú ni, a ra awò fún wọn. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà kí àtàǹpàkò wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èmi tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì pé ìwé tí aláìsàn Parkinson ń kọ máa ń kéré sí i bí ọwọ́ bá ti ń lọ, n ò rántí pé igbá ni ìwé bàbá mi.

Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, ẹnì kan níbẹ̀ sọ fún wa pé kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, ká máa fún wọn ní oògùn, ká jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ọ̀rọ̀ yẹn, èmi náà ò sì jà. Oṣù mẹ́jọ ni a fi jẹ́ kí wọ́n sinmi. A ń bọ́ wọn, a ń wọ bùbá fún wọn, à ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́jọ fi pé, wọn ò lè dá dìde lórí àga mọ́. Àìsàn ló gba díẹ̀ níbẹ̀, ìfẹ́ wa ló gba ìyókù. Ó ṣì ń dùn mí.

Ohun tá a wá ṣe lẹ́yìn náà kò ná wa tó ₦45,000. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa ìlà sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlà kan sí èkejì tó ìgbésẹ̀ gígùn kan. Mo ní kí wọ́n má ronú nípa rírìn rárá, kí wọ́n kàn máa ré ìlà kọjá. Ẹsẹ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ gbéra. Ẹni tí kò bá rí i rí á rò pé idán ni. Ní ọjọ́ tí òjò bá ti fọ ṣọ́ọ̀kì lọ, àbúrò mi á máa lu agogo, kò-kò, kò-kò, wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ bọ́ sí ìró rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ìrìn tí à ń rìn láìronú ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú ọpọlọ, ibẹ̀ ni dópámíìnì ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni Parkinson bà jẹ́. Ìrìn tí a fi ojú wò tàbí tí a fi etí tẹ̀ lé ń gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: bí títì bá jẹ, dẹ́rẹ́bà á yà sínú igbó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, koríko ló wà níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gbabẹ̀ fún oṣù kan, ó ti di ọ̀nà. Donald Hebb ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa ọpọlọ láti 1949, pé sẹ́ẹ̀lì tó bá ń jọ ṣiṣẹ́ léraléra, ìdè àárín wọn á le sí i. Fọ́nrán tuntun tó gùn kò hù nínú ọpọlọ bàbá mi. Ọ̀nà igbó ni wọ́n sọ di títì.

Ti igbá ńkọ́? Mo ra igbá tó ti sán, èyí tí kò séwu bó bá bàjẹ́. Mo ní kí wọ́n fín alángbá kan ṣoṣo tó gba igbá tán, kí wọ́n máa kà á sókè bí ọ̀bẹ ṣe ń lọ: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n bínú, wọ́n ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ìrìn àtẹnu yàrá dé gbàgede tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin ti di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìlà orí igbá sì fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọdún kẹfà rèé. Àìsàn náà ò dúró, oògùn wọn ti pọ̀ sí i, wọn ò lè fín igbá títà mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá dìde, wọ́n ń dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní "fisiò ò ju ìfọwọ́ra lọ": bó bá jẹ́ ìfọwọ́ra nìkan ni wọ́n ń ṣe fún màmá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òótọ́ lẹ sọ, ẹ gba owó yín padà. Ìfọwọ́ra ń tu ara, kò kọ́ ọpọlọ ní nǹkan kan. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kó tóbi, kó le díẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, kó sì pọ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ fisiò yín: "Kí ni kí wọ́n máa ṣe nílé láàárín ọjọ́ méjèèjì?" Bí kò bá ní èsì, ẹ wá ẹlòmíràn.

* * *

Wèrèpè. Mo mọ̀ pé a máa débẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ti sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní àwọn eléwé-ọmọ ní ọjà Akẹ̀sán ń ta hóró rẹ̀ fún ẹni tí ara ń gbọ̀n.

Lórí èyí, àwọn eléwé-ọmọ ò parọ́. Lẹfodópà, èyí tí ọpọlọ ń sọ di dópámíìnì, wà nínú hóró wèrèpè, ohun kan náà tó wà nínú oògùn tí dókítà ń kọ. Ní 2004 wọ́n fi ìyẹ̀fun rẹ̀ wé oògùn ní Lọ́ńdọ̀n lára aláìsàn 8, ó sì ṣiṣẹ́. Ìjà tèmi pẹ̀lú rẹ̀ yàtọ̀. Hóró kan kì í ní iye kan náà bí èkejì, torí náà kò sí bí ẹ ṣe máa mọ iye tí màmá gbé mì. Oògùn dókítà ní èkejì tó ń bá a rìn, tí kì í jẹ́ kí lẹfodópà tú dànù sínú ara kó tó dé ọpọlọ. Wèrèpè ò ní in, ìyẹn ló fi máa ń mú èébì wá. Ẹni tó bá sì lo méjèèjì pọ̀ lè gba àgbàjù: orí á kọ́, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ènìyàn á ṣubú. Mo ti rí ìyá kan tó ṣẹ́ ìbàdí bẹ́ẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, lẹfodópà, ti igbó tàbí ti ilé oògùn, kì í mú fọ́nrán hù. Ó ń bu epo sí àtùpà, kò tún òwú ṣe.

Ẹ rántí èyí náà, torí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa: ẹran, ẹja, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín máa ń bá oògùn yìí du ọ̀nà àtiwọ ara. Ẹ jẹ́ kí màmá lò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun, ẹ sì bi dókítà léèrè bóyá ó bá tiwọn mu.

* * *

Arákùnrin kan bínú sí mi pé mò ń pọ́n ọpọlọ lé jù, bí ẹni pé kò sí ohun tí kò lè tún tò. Ó tọ̀nà. Títúntò ní gbèsè tirẹ̀.

Ẹ wo àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré. Kòkòrò náà pa sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹran ẹsẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù yọ ẹ̀ka, ó gba iṣẹ́ èyí tó kú mọ́ tirẹ̀, ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Híhù gidi nìyẹn, fọ́nrán yọ ẹ̀ka lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta á rẹ̀ bópẹ́ bóyá. Lẹ́yìn bíi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún, àwọn míì á rí i pé ẹsẹ̀ tún ń ṣàárẹ̀ sí i, láìjẹ́ pé kòkòrò padà wá. Mo ní aláìsàn méjì bẹ́ẹ̀. Àwọn nìyí tí mo máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n dín eré ìdárayá kù. Ní ti Parkinson pẹ̀lú, bí lẹfodópà bá ti wọ ọpọlọ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ lè kọ́ ohun tá ò rán an: ara á máa lọ́ láìdá a dúró. Kíkọ́ ni ìyẹn náà, kíkọ́ tí kò dáa. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà nìyẹn, bí ẹ bá rí i pé màmá ń yí orí tàbí èjìká láìmọ̀.

* * *

Ẹnì kan tún sọ pé: "Àìsàn òyìnbó ni, àgbà tiwa kì í ṣarán." Èyí yà kúrò lórí ìbéèrè díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò lè jẹ́ kó kọjá. Ní 1992 ni ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Ìdíkàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Wọ́n fi àgbà Yorùbá 2,459 wé aláwọ̀ dúdú 2,147 ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ti pé ọdún 65 ó kéré tán. Àbájáde 2001 ni pé ẹni tuntun tí Alzheimer, àìsàn tó ń mú àgbà ṣarán, ń mú lọ́dọọdún tó 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 2.52 ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Tiwa kéré sí tiwọn tó ìlàjì. Kò sí níbẹ̀ pé kò sí. Bí ìyá bá ń gbàgbé ọ̀nà ilé tó ti ń rìn láti ogójì ọdún, ẹ má pè é ní ọjọ́ orí, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí wọ́n sì yẹ ohun tó ṣeé tọ́jú wò kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ ńlá: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó fítámì B12. Ẹni tó ti ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pẹ́ lè wà lára àwọn tí B12 wọn kò tó. Ẹsẹ̀ tó ń jó bí ata nítorí B12 lè sàn púpọ̀ tí wọ́n bá tètè mọ̀, fọ́nrán ẹsẹ̀ ni, ilẹ̀ tó gba irúgbìn ni.

* * *

Ẹni tó bi ìbéèrè tún padà wá. Ó ní òun ka gbogbo rẹ̀ fún màmá, wọ́n ní kí òun bi mí léèrè ọ̀kan ṣoṣo: "Ṣé màá tún lè dá yan kaṣú?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ kí n fọwọ́ sọ̀yà pé fisiò á ṣiṣẹ́ kí òun tó yọ owó.

Ẹ bá mi kí màmá. Ẹ sọ fún wọn pé n ò mọ̀ bóyá wọ́n á dá yan án, nítorí iná àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò bára wọn ṣe. Ṣùgbọ́n fífọ́ èèpo kaṣú tó ti tutù, ṣíṣa hóró, kíkó o sínú ìgò, ìyẹn gan-an ni eré ìdárayá tí ǹ bá ní kí wọ́n ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n fi ṣe é, kí ọwọ́ na gbọọrọ kó tó mú hóró, kí wọ́n máa kà á sókè. Ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ yẹn, ọpọlọ wọn fẹ́ ẹ. Èyí tó bá wu ènìyàn ló máa ń ṣe púpọ̀.

Fún ẹ̀gbọ́n: n ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Olówó ìgò nìkan ló lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí mo lè fún yín ni ọ̀nà tí ẹ fi máa fojú ara yín rí i. Láàárọ̀ ọ̀la, lẹ́yìn tí oògùn bá ti wọlé fún wákàtí kan, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú tí màmá fi máa rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n sì ré e kọjá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ọ̀kan gan-an lójú ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti ń lẹ̀. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n, kí wọ́n má ṣubú. Ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ka ìṣẹ́jú ní wákàtí kan náà.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ síbí, bó dín, bó pọ̀ sí i. Mò ń dúró dè é.